Àǹtí nọ́sìrì ní Òṣogbo: iṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì, tàbí kọ́ọ̀sì ráńpẹ́?

Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kí ilé-ìwé wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ wo géètì àwọn ilé-ìwé aládàáni láti Ọgọ́ Olúwa títí dé Òkè-Baálẹ̀. Páálí tí wọ́n fi máàkà kọ ló máa wà lára wọn: wọ́n ń wá àǹtí olùrànlọ́wọ́ fún kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, kó ní WAEC, kó máa gbé nítòsí, kó fẹ́ràn ọmọdé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka páálí wọ̀nyí, mi ò tíì rí èyí tó sọ ẹni tó máa kọ́ àǹtí náà níṣẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò ọ̀kan nínú wọn, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, Àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gba iṣẹ́ yìí ni àbí kí n dúró de kọ́lẹ́ẹ̀jì? Màámi ní Montessori oṣù mẹ́ta ni kí n lọ ṣe, pé òun ni wọ́n ń bèèrè báyìí."

Èmi náà, ìdí póò ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Póò ọmọdé ni mo kọ́kọ́ ń dà nù kí wọ́n tó gbé ṣọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́. Lónìí, ẹ̀ka nọ́sìrì odindi ló wà lábẹ́ mi. Mi ò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá a lóhùn. Mo fi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wé èkejì fún un. Ohun tí mo sọ fún un ni mo tò síhìn-ín, mo sì fi díẹ̀ kún un.

Ohun tó wà nílẹ̀

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni èyí tó wà lára páálí yẹn: ẹ wọ kíláàsì lónìí, ẹ máa kọ́ṣẹ́ níwájú àwọn ọmọ. Èkejì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́, ọdún mẹ́ta gbáko fún NCE, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní ECCE, ìyẹn ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré. Fún ẹni tó bá ń ti Òṣogbo lọ, ti ìpínlẹ̀ wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìwó; ti Iléṣà tí àwọn àgbà ṣì máa ń dárúkọ ti di yunifásítì. Ẹ̀kẹta ni kọ́ọ̀sì ráńpẹ́, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mélòó kan, tí wọ́n fi ń kọ́ni ní Montessori (ọ̀nà ìkọ́ni tí ọmọ ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nǹkan) tàbí Jolly Phonics (fífi ìró lẹ́tà kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì kíkà). Ọ̀kan tún wà láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn pamọ́ ná.

Ta ni ọ̀gá?

Ibí ni mo ti máa pẹ́ jù, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Kò sí ẹni tó máa kọ́ wa ní Òṣogbo bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ èyíkéyìí ní àdúgbò Ọjà Ọba. Òbí ló mú ọmọ wá, wọ́n jọ sọ iye ọdún, wọ́n kọ ìwé àdéhùn, oníduùró fọwọ́ sí i. Ọ̀gá wà lórí ẹ̀rọ, ọmọ iṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá rán ọwọ́ aṣọ sódì, ọ̀gá á tú u, á ní kó tún un rán. Bí ọdún bá pé, wọ́n á ṣe fríídọ̀mù: àdúrà, mínírà, ìwé-ẹ̀rí, fọ́tò. Gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé lágbájá ti gba fríídọ̀mù.

Àǹtí olùrànlọ́wọ́ kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń pè é ní àǹtí, bí ẹni tó ti mọṣẹ́ tán. Ọdún kẹta lè pé kó ṣì máa nu ikun imú, kó máa so okùn bàtà, kó máa kó abọ́ oúnjẹ. Kò sí ẹni tó bá a ṣe àdéhùn pé òun ni ọ̀gá rẹ̀.

Ní ilé-ìwé tí mo ti bẹ̀rẹ̀ (mi ò ní dárúkọ rẹ̀), ọmọ 41 ló wà nínú kíláàsì wa. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sì ní kí ọmọ tó wà lábẹ́ olùkọ́ kan má ju 25 lọ ní nọ́sìrì, kí ìkókó 10 jẹ́ ti olùtọ́jú kan ní kíréèṣì. Olùkọ́ tí wọ́n ní kí n máa wò kọ́ṣẹ́, òun náà ni wọ́n ní kó máa gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn òbí láàárọ̀. Kó tó wọlé, agara ti dá a, ó ti dá èmi náà. Odindi ọdún kan, kò sẹ́ni tó jókòó wo bí mo ṣe ń ṣe. Mo kọ́ṣẹ́ lóòótọ́ o: mo kọ́ ariwo, torí ariwo ni mò ń gbọ́. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń la igi mọ́ tábìlì kí ọmọ 41 lè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilé-ìwé kejì ni mo ti rí ọ̀gá. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìjọba ni. Ní gbogbo Ọjọ́rú, wọ́n á gbé àga ọmọdé sí igun kíláàsì, wọ́n á jókòó lé e, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, wọ́n á máa kọ nǹkan sínú ìwé. Wọn ò ní sọ̀rọ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, wọ́n á pè mí: "Kí lo rí lónìí?"

Ọmọkùnrin kan wà nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́ta, tó máa ń géni jẹ. Mo ní, "Ọmọ yẹn ni mà, ó tún gé ẹnìkejì rẹ̀ jẹ." Wọ́n ṣí ìwé wọn. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún Ọjọ́rú mẹ́ta léraléra: ìgbà tó géni jẹ, ẹni tó gé, ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orí ìlà ìfọwọ́ ni. Bí orúkọ bá ṣe tẹ̀ léra nínú rẹ́jísítà ni mo máa ń to àwọn ọmọ, orúkọ tirẹ̀ ló sì kẹ́yìn. Kó tó kàn án, omi inú báàkẹ́ẹ̀tì ti dúdú, ọṣẹ ti tán, àwọn tó ti fọwọ́ ti ń jẹun. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ ló máa ń gé. Lọ́jọ́ kejì, mo yí ìlà náà padà, òun ló kọ́kọ́ fọwọ́. Kò gé ẹnikẹ́ni jẹ. Ojoojúmọ́ ni mo wà nínú kíláàsì yẹn o, eyín rẹ̀ nìkan ni mo rí.

Ẹ wá fi èyí wé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Sáà ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n fi ń rán akẹ́kọ̀ọ́ NCE lọ kọ́ni ní ilé-ìwé, nígbà tó bá ti ń parí lọ. Olùkọ́ rẹ̀ á wá wò ó, á fún un ní máàkì, á wọkọ̀ padà. Iṣẹ́ gidi ni ìyẹn, mi ò bú u. Ẹni tó ń wò yín ti wo ọ̀pọ̀ ṣáájú yín, ó mọ ohun tó ń wá. Àmọ́ kò lè fi Ọjọ́rú mẹ́ta léraléra ṣọ́ eyín ọmọ kan. Kọ́ọ̀sì ráńpẹ́ ńkọ́? Wọ́n máa ń wò yín dáadáa níbẹ̀, bí ẹ ṣe gbé búlọ́ọ̀kù, bí ẹ ṣe tẹ́ ẹní. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹlẹgbẹ́ yín ló ń ṣe bí ọmọ níwájú yín. Àgbà tó ń ṣe bí ọmọ kì í tọ̀ sára.

Ohun tí ọwọ́ ń mọ̀, ohun tí ìwé ń sọ

Iṣẹ́ máa ń tètè kọ́ni ní ohun tó jẹ mọ́ ara ọmọ ju ìwé lọ: bí ẹ ṣe máa gba ọmọ ní géètì lọ́wọ́ ìyá tó ń sunkún ju ọmọ lọ, bí ẹ ṣe máa mọ̀ láti inú ìrìn ọmọ pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n, pé ọmọ tó kanra láàárọ̀ tó wá dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́sàn-án, kí ẹ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó lè jẹ́ ibà.

Ibi tí kọ́ọ̀sì ráńpẹ́ ti ta méjèèjì yọ ni ìlò nǹkan kan pàtó. Ẹ wo Jolly Phonics. Ìró 42 ló ní, s, a, t, i, p, n ló sì ṣíwájú. Ẹni tí kò kọ́ ọ á máa fi "ọ" sí ìdí ìró. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ: àǹtí kan na igi sí c, a, t lára pátákó, ó ní "kọ̀, à, tọ̀." Àwọn ọmọ ké e padà tagbáratagbára: "Kọ̀-à-tọ̀!" Kò sí ológbò kankan nínú ohun tí wọ́n pè. A-b-d tiwa ló fà á. A kì í pe b lásán, "bí" là ń pè é. Dí, fí, gí, gbí, bẹ́ẹ̀ ni títí lẹ́tà 25 fi pé, kọ́ńsónáǹtì kan kì í dá rìn. Ọjọ́ kan péré lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ ti máa gé "ọ" yẹn kúrò. Odindi ọdún lẹ́nu iṣẹ́ lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ó wà ńbẹ̀.

Ti Montessori náà ní láárí. Dókítà Maria Montessori, ará Ítálì, ló ṣí ilé-ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Ilé Àwọn Ọmọ, ní Róòmù ní 1907. Nǹkan tó ṣe fún àwọn ọmọ ló fà mí mọ́ra: ẹ mú ilé gogoro aláwọ̀ píǹkì, igi mẹ́wàá onígun mẹ́rin, èyí tó kéré jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, èyí tó tóbi jù jẹ́ 10. Bí ọmọ bá tò ó ṣì, ojú ara rẹ̀ á rí i, ẹ ò ní láti pariwo. Káfíńtà àdúgbò lè gé e fún yín. Àmọ́ orúkọ Montessori kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá wù ú lè kọ ọ́ sára pátákó. Bí ẹ bá dé ilé-ìwé tó ní òun ń ṣe é, tó sì ní òun á kọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n gbé ilé gogoro wọn wá, kí ẹ wo igun igi náà. Bí kò bá tíì ha, tó ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ló ń gbé, ọmọ kì í fọwọ́ kàn án.

Ohun kan wà tí iṣẹ́ kò lè kọ́ mi láéláé, tó jẹ́ pé ìwé ló kọ́ mi. Ní ilé-ìwé àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n ní tí ọmọ bá fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, kí n má dá a lóhùn. Ọmọbìnrin kan, kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó fa síkẹ́ẹ̀tì mi: "Àǹtí, mo fẹ́ tọ̀." Mo ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Ó wò mí. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo yíjú. Ó tọ̀ sórí ibi tó dúró sí, ó sì ń wojú mi bó ṣe ń tọ̀ ọ́. Wọ́n yìn mí lọ́jọ́ yẹn pé mo dúró lórí ọ̀rọ̀.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ni mo tó rí i pé ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè nígbà náà fúnra rẹ̀ ní èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti 1970, tí àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ká ní mo ti mọ̀ ni, mo máa ní ohun tí mo lè sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé. Mi ò mọ̀, ni mo ṣe yíjú.

Ìwé-ẹ̀rí àti owó

Ti ìwé-ẹ̀rí kò gba àlàyé púpọ̀. NCE ni ó kéré jù tí wọ́n lè fi pe èèyàn ní olùkọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. TRCN, àjọ tí òfin 1993 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹni tó ní NCE wà ní ìpele D, ẹni tó ní digírì wà ní C. Kò sí ìpele tó wà fún WAEC nìkan, kò sì sí èyí tó wà fún ìwé-ẹ̀rí Montessori oṣù mẹ́ta, bó ti wù kí èdìdì ara rẹ̀ tóbi tó. NCE tún lè gbé yín wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Lórí èyí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló borí, kò sí àríyànjiyàn.

Lórí owó, ọ̀rọ̀ yí padà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbowó lọ́wọ́ yín fún ọdún mẹ́ta: owó ilé-ìwé, yàrá ní Ìlá tàbí Ìwó, oúnjẹ, ọkọ̀. Kọ́ọ̀sì ráńpẹ́ ń gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ nìkan ló ń san nǹkan fún yín, ìyẹn náà kì í pọ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ ti di ₦70,000 láti 2024, ṣùgbọ́n òfin náà yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nọ́sìrì àdúgbò wa ni kò ní tó ìyẹn. Ẹ má fọkàn sí i pé òfin á gbà yín sílẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ní òun á san owó kọ́ọ̀sì fún yín, ẹ bèèrè iye ọdún tí ẹ máa fi sìn ín, kó wà nínú ìwé.

Èyí tó wà láàárín

NTI, ìyẹn National Teachers' Institute, ni mo fi pamọ́ níṣàájú. Ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1976, Kàdúná ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, tìtorí olùkọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n sì ṣe dá a sílẹ̀. Ẹ máa ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ máa lọ jókòó ní kíláàsì lópin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ìsinmi, wọ́n á fún yín ní ìwé láti máa kà nílé. NCE kan náà ni ẹ máa gbà. Bí ẹ bá dé ibùdó, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n ń ṣe ECCE níbẹ̀ tàbí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Èmi gba ibẹ̀. Ó nira. Mo pàdánù ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi méjì, torí Sátidé ni gbogbo ayẹyẹ wa. Àmọ́ kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo ti lè ka nǹkan lọ́jọ́ Sátidé kí n fi ojú rí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo kà á nígbà kan pé Jean Piaget, ará Switzerland, sọ pé bí ẹ bá da omi láti inú ife fífẹ̀ sínú ife gíga tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ tí kò tíì tó bí ọdún méje á ní ó ti pọ̀ sí i. Mo rò pé àwàdà òyìnbó ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo mú sóbò wá. Mo bu ún dọ́gba sínú ife méjì níṣojú wọn, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan gbà pé ó dọ́gba. Mo wá da ti ẹnìkejì rẹ̀ sínú ife gíga. Ó bú sẹ́kún pé mo ti rẹ́ òun jẹ. Mo da tirẹ̀ náà sínú ife gíga, ó rẹ́rìn-ín, ó mu ún. Láti ọjọ́ yẹn, ife kan náà ni gbogbo ọmọ fi ń mu nǹkan ní kíláàsì mi, ìjà ọ̀sán sì dínkù gan-an. Ẹni tó kà á ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan á fi ṣe ìdánwò. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan á máa la ìjà.

Òṣogbo ti mọ irú ọ̀nà yìí tipẹ́. Jimoh Buraimoh, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àwòrán ìlẹ̀kẹ̀, iṣẹ́ iná ló ń ṣe fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ kó tó wọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà níhìn-ín láàárín àwọn ọdún 1960. Lẹ́yìn tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọṣẹ́, ó tún lọ sí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria lọ gba ìwé.

Ta ló yẹ kó gba ibo?

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí òbí yín lè san án, ẹ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ẹ sì bẹ ilé-ìwé kan kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa wá jókòó ní kíláàsì nọ́sìrì wọn nígbà ìsinmi, láìgbowó. Bí ẹ bá ti ní bùkátà, iṣẹ́ àti NTI. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí (wọ́n wà, wọ́n sì dára níbẹ̀), kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kó lọ tààrà, torí ilé-ìwé tó kọ "obìnrin" sára páálí máa ń tún un rò tó bá rí NCE.

Kọ́ọ̀sì ráńpẹ́, ẹ fi kún ọ̀nà mìíràn ni. Mi ò ní gbà kí ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ nìkan, láìsí ìwé, láìsí ọ̀gá? Ẹ fún un ní sáà kan. Bí sáà bá parí tí kò sí ẹni tó jókòó wò yín, tó sì bá yín sọ̀rọ̀ lé ohun tó rí, ẹ wá ibòmíì.

Ohun tí mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ bèèrè kò pọ̀: Ta ló máa kọ́ mi? Ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ ló máa jókòó wò mí? Ọmọ mélòó ló wà nínú kíláàsì? Ṣé ẹ máa yọ̀ǹda mi lákòókò ìdánwò? Ilé-ìwé tó wà nínú fọ́tò yẹn ní àwọn ò tíì rí ẹni tó wá iṣẹ́ wá tó tún ń da ìbéèrè bo ọ̀gá. Wọ́n ní àwọn á pè é. Wọn ò pè é. Èkejì wà ní ìhà Alékúwodò. Ìyá tó ni ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ké sí olórí ẹ̀ka nọ́sìrì wọn: "Ẹ máa bọ̀ o, ọmọ iṣẹ́ yín ti dé!" Wọ́n kọ ọ́ sórí bébà fúsíkáàpù kan: ọdún méjì, Ọjọ́bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọmọ 22.

Ó ya fọ́tò bébà náà ránṣẹ́ sí mi. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ tí ọdún méjì náà máa pé, ó wá ń bi mí bóyá Fanta ni ká rà lọ́jọ́ náà àbí Malta.